gdbserver nígbà tí prógíráàmù bá parí: àyẹ̀wò fínnífínní

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò lára debugger (irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe inú prógíráàmù) tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn ni bó ṣe ń dúró lórí breakpoint (ibi tí a ní kí prógíráàmù dúró sí), bó ṣe ń ka variable, àti bóyá ó yára. Ọ̀rọ̀ ìparí kì í sábà wọ inú àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìparí ni wàhálà pọ̀ sí fún ẹni tó ń fi debugger ṣe ìdánwò tó ń dá ara rẹ̀ ṣe, níbi tí kò ti sí ẹni tó jókòó ti terminal láti ka ohun tó hàn. Prógíráàmù lè parí fúnra rẹ̀, signal (ìró tí operating system ń ta sí prógíráàmù) lè pa á, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já, ó sì lè jẹ́ gdbserver gan-an ló kú. Bí ìdánwò kò bá mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àbájáde rẹ̀ kò wúlò.

gdbserver tó máa ń bá debugger GDB rìn, tó ń ṣọ́ prógíráàmù fún un lórí ẹ̀rọ mìíràn, ni a yẹ̀ wò, lórí Linux, a sì fi lldb-server, irú rẹ̀ tó ń bá debugger LLDB rìn, wé e níbi tó bá tọ́. Ìdájọ́ wa rèé kí a tó lọ jìnnà: gdbserver kì í purọ́ nípa ìjáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí prógíráàmù náà ló máa ròyìn. Àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà kọ nọ́mbà kan ṣoṣo, àti pé ohun tó máa ṣe lẹ́yìn ìròyìn náà, ọ̀nà tí ẹ gbà so mọ́ ọn ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe bí prógíráàmù ṣe kú.

Prógíráàmù tí a fi dán an wò

Kò sí ìdí láti fi prógíráàmù ńlá ṣe irú ìdánwò yìí. Ohun tí ẹ nílò ni èyí tó lè parí ní oríṣiríṣi ọ̀nà bí ẹ bá ṣe pè é:

```c
#include <signal.h>
#include <stdio.h>
#include <stdlib.h>
#include <unistd.h>

int main(int argc, char **argv)
{
    int n = argc > 2 ? atoi(argv[2]) : 0;
    printf("mo ti bere");
    switch (argc > 1 ? argv[1][0] : 'e') {
    case 'e': exit(n);
    case 'u': _exit(n);
    case 'a': abort();
    case 's': raise(n); break;
    case 'p': pause(); break;
    }
    return 0;
}
```

Ẹ kọ ọ́ sínú `ijade.c`, kí ẹ wá fi `gcc -g -O0 -o ijade ijade.c` ṣe é. A mọ̀ọ́mọ̀ má fi àmì ìlà tuntun sí ìparí ọ̀rọ̀ tó wà nínú `printf`. Ìwúlò rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀. Lórí ẹ̀rọ ọ̀hún, níbi tí prógíráàmù yóò ti ṣiṣẹ́, ẹ tẹ `gdbserver :2345 ./ijade e 42`. Lórí ẹ̀rọ tiyín, ẹ ṣí `gdb ./ijade`, ẹ tẹ `set debug remote 1` kí ẹ lè máa rí pákẹ́ẹ̀tì (ọ̀rọ̀ kéékèèké tí GDB àti gdbserver ń fi ránṣẹ́ síra wọn) tó ń lọ tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà `target remote`, orúkọ ẹ̀rọ ọ̀hún àti `:2345`. Prógíráàmù ti wà láàyè nígbà yẹn, ó kàn dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni, nítorí náà `continue` ni ẹ máa tẹ̀, kì í ṣe `run`.

Bí orúkọ fáìlì kò bá tọ́ ńkọ́? gdbserver máa ń gba inú shell bẹ̀rẹ̀ prógíráàmù, shell náà yóò sì kú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ óò rí `During startup program exited with code 127.` Nọ́mbà 127 yẹn, ti shell ni, kì í ṣe ti prógíráàmù yín. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí shell dá sí i lè fi `--no-startup-with-shell` sí i.

Nọ́mbà kan, ojú mẹ́ta

Nígbà tí `ijade e 42` bá parí, terminal gdbserver yóò kọ `Child exited with status 42`. Lójú GDB, ohun tó máa hàn ni:

```
[Inferior 1 (process 1234) exited with code 052]
```

Nínú pákẹ́ẹ̀tì tó kọjá láàárín wọn, `W2a;process:4d2` ni; `W` ń sọ pé prógíráàmù jáde fúnra rẹ̀. Nọ́mbà kan náà ni gbogbo wọn. gdbserver ń kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá bí gbogbo ayé ṣe ń kà, GDB ń kà á ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, pákẹ́ẹ̀tì sì ń kà á ní mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún. Nọ́mbà process náà wọ irú aṣọ kan náà: 1234 di 4d2.

Ibi tí èyí ti ń ba ìdánwò jẹ́ kì í ṣe 42, torí kò sẹ́ni tó máa rí 052 tí kò ní fura. Àwọn nọ́mbà kéékèèké ni. `exit(8)` yóò hàn bíi `010`, `exit(10)` yóò hàn bíi `012`. Ìwé àṣẹ tó bá ń fi grep wá "code 10" kò ní rí `exit(10)` láéláé, bó bá sì fojú fo òdo tó ṣáájú, `exit(8)` ni yóò mú lọ́wọ́. Kò sí àyípadà kankan tí ẹ lè tẹ̀ tí yóò mú kí ìlà yẹn kà á ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ohun tó yẹ ni kí ẹ má gbára lé ìlà náà rárá. `print $_exitcode` yóò fún yín ní 42 gan-an, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti máa kà á.

Òdo nìkan ni kò ní nọ́mbà lójú GDB: `exited normally` ni yóò kọ. `exit(256)` náà yóò jẹ́ `exited normally`, nítorí pé Linux kì í gbé ju bíìtì mẹ́jọ tó kéré jù lọ fún ẹni tó ń dúró de process. `exit(-1)` yóò sì di 255, ìyẹn `0377`. Ẹ má dá gdbserver lẹ́bi, ohun tí kernel (ọkàn operating system) gbé fún un náà ló gbé lọ.

Ẹ tún wo `ijade u 0`. Ọ̀rọ̀ "mo ti bere" kò ní hàn níbì kankan. `_exit` kì í da ohun tó wà nínú bọ́fà stdio jáde, àìsí ìlà tuntun sì mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú bọ́fà nígbà tí ilẹ̀kùn tì. Pẹ̀lú `ijade e 0`, ó hàn, ṣùgbọ́n lójú terminal gdbserver ni, kì í ṣe lójú GDB. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé debugger "jẹ" ọ̀rọ̀ ìparí àwọn: bóyá wọ́n ń wò níbi tí kò yẹ, bóyá prógíráàmù wọn ń gba `_exit` jáde. Bí ẹ bá lo `target remote | gdbserver - ./ijade e 0`, stdin prógíráàmù á lọ sí `/dev/null`, stdout rẹ̀ á sì gba ojú ọ̀nà stderr.

Tó bá jẹ́ signal ló pa á

Ìpele méjì ló wà níbí, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ìdánwò òun ti há. Bí ẹ bá ṣe `ijade s 11`, SIGSEGV yóò dé, gdbserver yóò dá a dúró, yóò sì fi pákẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `T0b` ránṣẹ́. GDB yóò kọ `Program received signal SIGSEGV`. Prógíráàmù kò tíì kú o. Signal náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí ẹ bá tẹ `continue` lẹ́ẹ̀kejì ni yóò wọlé, tí yóò sì pa á. Ìgbà náà ni `X`, pákẹ́ẹ̀tì tó ń sọ pé signal ti pa prógíráàmù, máa dé, pẹ̀lú `Program terminated with signal SIGSEGV` àti `The program no longer exists.` `abort()` náà rí bẹ́ẹ̀, SIGABRT ni tirẹ̀. SIGKILL nìkan ni kì í gba ìpele àkọ́kọ́, torí kò sẹ́ni tó lè dá a dúró: ẹ jẹ́ kí `ijade p` máa sùn, ẹ ti ibòmíràn ta á ní `kill -9`, `X` yóò dé tààrà.

Ìpele àkọ́kọ́ yẹn wúlò gan-an. Ibẹ̀ ni `bt`, àṣẹ tó ń fi bí àwọn function ṣe pe ara wọn hàn, ti ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn `X`, ohun tí ẹ máa rí gbà ni `The program has no registers now.`

Nọ́mbà signal tún ní wàhálà tirẹ̀. GDB ní ètò nọ́mbà ara rẹ̀ fún signal, òun ló sì ń lò nínú pákẹ́ẹ̀tì, láìka ohun tí Linux ń pè é sí. SIGSEGV jẹ́ 11 níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, SIGKILL jẹ́ 9, SIGABRT jẹ́ 6, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń fura. Ṣùgbọ́n SIGUSR1 tó jẹ́ 10 lórí Linux x86 jẹ́ 30 fún GDB, `1e` ni yóò sì hàn nínú pákẹ́ẹ̀tì. 10 ti GDB, SIGBUS ni, èyí tí Linux ń pè ní 7. Ẹni tó ń kọ stub (kóòdù tó ń ṣe irú iṣẹ́ gdbserver) tirẹ̀ tó bá gbé nọ́mbà Linux sínú `X` láìtúmọ̀ rẹ̀ yóò rí i pé GDB ń kígbe SIGBUS nígbà tí SIGUSR1 ló pa prógíráàmù. gdbserver fúnra rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ, `$_exitsignal` lójú GDB sì ń padà sí nọ́mbà Linux.

Bí ẹ bá fẹ́ kí `ijade s 10` lọ tààrà sí `X` láìdúró, `handle SIGUSR1 nostop noprint pass` ló ń ṣe é. gdbserver yóò gba àtòkọ àwọn signal tí kò gbọdọ̀ fi dá GDB lẹ́nu, á sì máa tì wọ́n wọlé fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń ka pákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ojú. Nígbà tí GDB àti gdbserver bá ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn lè ṣọ́ process púpọ̀, gdbserver kì í fi òdo kún nọ́mbà mọ́: `W0;process:4d2` ni, kì í ṣe `W00`. Àwọn stub tí kò mọ ọ̀nà yẹn ló ń kọ nọ́mbà méjì-méjì, bíi `$W00#b7`. Nọ́mbà tó wà lẹ́yìn `#` ni àròpọ̀ àwọn lẹ́tà náà, tí a pín sí 256 kí a tó mú èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹ má fi ọkàn tẹ̀ ẹ́ jù: `$W2a#ea` àti `$X0b#ea` ní àròpọ̀ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan sọ pé prógíráàmù fúnra rẹ̀ jáde pẹ̀lú 42, èkejì sọ pé SIGSEGV ló pa á.

Lẹ́yìn ìjáde: ibi tí gdbserver ti ń da ọ̀pọ̀ láàmú

Ọ̀nà ìsopọ̀ méjì ló wà, `target remote` àti `target extended-remote`. Nígbà tí prógíráàmù ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ní ìparí ni ìyàtọ̀ máa jáde.

Pẹ̀lú `target remote`, bí prógíráàmù bá ti parí, GDB yóò já ìsopọ̀, gdbserver náà yóò sì palẹ̀ mọ́. Ó bójú mu fún ìdánwò kan ṣoṣo. Àmọ́ ẹ kíyè sí `run`. Nígbà tí ìsopọ̀ ṣì wà, ẹ óò gba àṣìṣe pé target "remote" kò mọ `run`. Nígbà tí prógíráàmù bá ti parí tí ìsopọ̀ sì ti já, `run` kò ní fún yín ní àṣìṣe mọ́. GDB yóò bẹ̀rẹ̀ prógíráàmù náà lórí ẹ̀rọ tiyín. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà, gbogbo nǹkan yóò máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ óò sì máa wá àṣìṣe ẹ̀rọ ọ̀hún lórí ẹ̀rọ tí àṣìṣe náà kò sí. Nínú gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò, èyí ló burú jù, torí kò sí ìkìlọ̀ kankan.

Pẹ̀lú `target extended-remote`, ìsopọ̀ kì í já. Prógíráàmù parí, GDB àti gdbserver ṣì ń sọ̀rọ̀, `run` yóò sì tún un bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ọ̀hún níbi tó yẹ. Bí ẹ bá ti fi orúkọ prógíráàmù fún gdbserver nígbà tí ẹ ń pè é, kò sí ohun tó kù láti ṣe. Bí ó bá jẹ́ `gdbserver --multi :2345` ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ní láti sọ ibi tí fáìlì wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú `set remote exec-file` kí ẹ tó `run`. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí pátápátá, `monitor exit` ni yóò pa gdbserver. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò fi port náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, gdbserver kò sì ní ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tàbí ààbò kankan: ẹni tó bá dé port yẹn lè ṣe ohun tó wù ú pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gdbserver. Ẹ gbé e gba inú ssh, `ssh -L 2345:localhost:2345`, kí ẹ sì jẹ́ kí gdbserver máa gbọ́ lórí `localhost:2345` nìkan.

`--once` dára fún ìdánwò tó ń dá ara rẹ̀ ṣe. Gbàrà tí ìsopọ̀ àkọ́kọ́ bá parí, yálà ó parí dáadáa tàbí ó já lójijì, gdbserver ti lọ nìyẹn, àní nínú extended-remote pàápàá. Láìsí i, bí GDB bá kú lójijì, gdbserver yóò kọ `Remote side has terminated connection. GDBserver will reopen the connection.`, yóò sì padà sẹ́nu gbígbọ́, prógíráàmù yín yóò sì dúró síbẹ̀ láìlọ láìbọ̀. Ẹni tó fẹ́ padà wá so mọ́ ọn ní èyí wúlò fún, àṣẹ `disconnect` sì wà fún un. Fún ẹ̀rọ tó ń ṣe ìdánwò lóru, ìdọ̀tí lásán ni.

`detach` ní àrà tirẹ̀. GDB yóò sọ pé òun ti fi process sílẹ̀, ẹ óò sì retí pé gdbserver yóò lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé `--attach` ni ẹ fi so ó mọ́ process tó ti wà tẹ́lẹ̀, òótọ́ ni, yóò lọ. Ṣùgbọ́n bí gdbserver fúnra rẹ̀ ló bí process náà, tó sì jẹ́ pé `target remote` ni ẹ fi wọlé, yóò jókòó tì í láìṣe nǹkan kan títí prógíráàmù yóò fi parí. Kò há, iṣẹ́ òbí ló ń ṣe.

Irú ìyàtọ̀ yìí kan náà ló wà nígbà tí ẹ bá tẹ `quit` lójú GDB. GDB máa ń fi pákẹ́ẹ̀tì `qAttached` béèrè bóyá process náà ti wà kí gdbserver tó dé. Bó bá ti wà, yóò fi í sílẹ̀ láàyè. Bó bá jẹ́ gdbserver ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò pa á. Bí a bá wá fi `kill -9` pa gdbserver gan-an ńkọ́? Láti Linux 3.8, kernel ní àṣẹ kan nínú ptrace (ọ̀nà tí process kan fi ń ṣọ́ òmíràn lórí Linux), `PTRACE_O_EXITKILL`, gdbserver sì ń lò ó fún àwọn process tó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n á bá a kú. Àwọn tó so mọ́ lásán yóò máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìlànà yìí dáa, ó sì bára mu láti òkè délẹ̀.

Thread àti fork

Nínú prógíráàmù tó ní thread púpọ̀ (àwọn iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú process kan), process lè máa wà láàyè lẹ́yìn tí thread àkọ́kọ́ bá ti lọ. Bí `main` bá pe `pthread_exit`, `ps` yóò fi process náà hàn bíi defunct nígbà tí àwọn thread yòókù ṣì ń ṣiṣẹ́. gdbserver kò jẹ́ kí èyí tan òun: `W` kò ní dé títí thread ìkẹyìn yóò fi parí.

Ìdààmú ibẹ̀ ni `set scheduler-locking on`. Bí thread kan ṣoṣo tí ẹ gbà láàyè láti rìn bá parí, àwọn yòókù ṣì dúró, kò sì sí ẹni tó ń rìn mọ́ tí GDB lè máa retí ìròyìn rẹ̀. gdbserver yóò fi pákẹ́ẹ̀tì `N` ránṣẹ́, GDB yóò sì kọ `No unwaited-for children left.` Kì í ṣe àṣìṣe, prógíráàmù kò sì tíì parí. Ẹ pa scheduler-locking, ẹ yan thread mìíràn, ẹ tẹ̀síwájú.

Ti fork, ìyẹn nígbà tí process bá bí process ọmọ, kò gùn. Bí ẹ kò bá yí nǹkan kan padà, GDB máa ń tẹ̀lé òbí, á fi ọmọ sílẹ̀, ẹ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan nípa bí ọmọ ṣe parí. `set detach-on-fork off` pẹ̀lú `set schedule-multiple on` ni yóò mú kí ẹ gba ìròyìn àwọn méjèèjì, `process:` tó wà nínú pákẹ́ẹ̀tì ni yóò sì sọ èyí tó lọ nínú wọn. Nígbà náà, `target remote` kì í já ìsopọ̀ títí èyí tó kẹ́yìn yóò fi parí.

Bí a ṣe ń lò ó nínú ìdánwò tó ń dá ara rẹ̀ ṣe

Fáìlì àṣẹ yìí ni a dámọ̀ràn, ẹ pè é ní `ijade.gdb`:

```
set pagination off
target remote localhost:2345
continue
if $_isvoid($_exitcode)
  if $_isvoid($_exitsignal)
    bt
    kill
    quit 99
  end
  quit 128 + $_exitsignal
end
quit $_exitcode
```

Ẹ fi `timeout 60 gdb -batch -x ijade.gdb ./ijade` pè é. Àwọn ọ̀nà tó lè gbà parí ló pín níyà síbẹ̀. Bí `$_exitcode` bá ní nǹkan nínú, prógíráàmù jáde fúnra rẹ̀. Bí ó bá ṣófo tí `$_exitsignal` sì ní nǹkan, signal ló pa á láìdúró. Bí méjèèjì bá ṣófo, prógíráàmù kò tíì kú, ó dúró sójú ọ̀nà ni, bóyá SIGSEGV, bóyá breakpoint. Ibẹ̀ ni `bt` ti wúlò kí ẹ tó pa á. Ẹni tí kò nílò gbogbo èyí, tó kàn fẹ́ kí nọ́mbà ìjáde GDB bá ti prógíráàmù mu, lè lo `--return-child-result`.

`timeout` yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. `remotetimeout`, tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2 bí ẹ kò bá yí i, kò kan ìgbà tí prógíráàmù ń ṣiṣẹ́, torí GDB kò lè mọ iye àkókò tí prógíráàmù yóò gbà kó tó dúró. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákẹ́ lẹ́yìn `continue` láìjẹ́ pé ìsopọ̀ já ní gbangba, GDB lè jókòó síbẹ̀ kó máa retí. Nọ́mbà tí `timeout` fúnra rẹ̀ ń dá padà nígbà tí àsìkò bá pé ni 124, nítorí náà ẹ má fún prógíráàmù yín ní 124 tàbí 99.

Bí ẹ bá kọ́ prógíráàmù pẹ̀lú AddressSanitizer (irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ àṣìṣe mémórì), ìparí lè yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ láìsí pé nǹkan kan bàjẹ́. LeakSanitizer tó ń bá a rìn máa ń yẹ mémórì wò nígbà ìjáde, kì í sì í bá ptrace ṣiṣẹ́ pọ̀, ptrace yìí sì ni gdbserver ń lò. Ẹ óò rí ìkìlọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ ptrace, prógíráàmù tó yẹ kó jáde pẹ̀lú òdo yóò sì jáde pẹ̀lú nọ́mbà mìíràn. Ẹ fi `ASAN_OPTIONS=detect_leaks=0` síwájú gdbserver, kí ẹ sì ṣe ìdánwò ìjò mémórì lọ́tọ̀, láìsí debugger.

Fún ẹni tó fẹ́ mọ *ẹni tó pe* `exit`, kí ó má dúró de `W`, torí mémórì àti stack ti lọ nígbà yẹn. `break exit` yóò dá a dúró kí àwọn iṣẹ́ `atexit` (èyí tí a ní kí prógíráàmù ṣe nígbà ìjáde) tó bẹ̀rẹ̀. `catch syscall exit_group` yóò dá a dúró lẹ́yìn wọn, ní ẹnu ọ̀nà gan-an, ó sì ń mú `_exit` náà. Èkejì ni a fẹ́ràn jù.

lldb-server ńkọ́?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú `lldb-server gdbserver :2345 -- ./ijade e 42`, kí ẹ sì fi `gdb-remote` wọlé láti LLDB. Ìlà ìjáde rẹ̀ dára ju ti GDB lọ fíìfíì: `Process 1234 exited with status = 42 (0x0000002a)`. Kíkà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí mẹ́jọ-mẹ́jọ tó ń tan ènìyàn.

Ibi tó ti kùnà ni ìgbà tí ìsopọ̀ bá já. Yóò kọ `exited with status = -1 (0xffffffff) lost connection`. Ọ̀rọ̀ "exited" níbẹ̀ kò tọ́. LLDB kò mọ̀ bóyá prógíráàmù jáde; ohun tó mọ̀ ni pé òun kò gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ọ̀hún mọ́. GDB máa ń sọ `Remote connection closed`, kò sì ní gbé nọ́mbà ìjáde kankan sílẹ̀. Fún ìdánwò, ti GDB ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí LLDB bá jẹ́ dandan fún yín, ẹ ka -1 sí "a kò mọ̀", torí prógíráàmù tòótọ́ lórí Linux kò lè jáde pẹ̀lú -1. 255 ni ì bá jẹ́.

Fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí bóòdù kékeré tí kò ní operating system, kò sí èyí tó máa ràn yín lọ́wọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ `W` àti `X`. Kò sí kernel tó máa ròyìn ìjáde, `main` yóò padà sínú kóòdù ìbẹ̀rẹ̀ tàbí lúùpù tí kì í parí, GDB yóò sì máa wò ó bí ẹni pé iṣẹ́ ń lọ. Ẹ fi breakpoint sí orí `_exit`, kí ẹ ka nọ́mbà náà láti inú register tó gbé argument àkọ́kọ́ wọlé. Lórí ARM, `print $r0` ni.